Ẹlòmíràn Tó Yin Kíkẹ́

Lẹ́ẹ̀mejì ni Kíkẹ́ ti kọ CV ránṣẹ́, lẹ́ẹ̀mejì ni ibi iṣẹ́ dákẹ́ bí ẹni tí a kò kí. Ẹ̀kẹta ló wà lórí tábìlì yìí, nínú yàrá àwọn ọmọbìnrin ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Yábàá, lọ́dún 1991. Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ìgànmú ló ń wá ẹni tí yóò máa yẹ oúnjẹ wò kó tó jáde síta, ohun tí Kíkẹ́ sì kọ́ nìyẹn. Ọ̀la ni wọn kò ní gba ìwé mọ́. Ìyá rẹ̀ sì ti ní bí èyí náà kò bá bọ́ sí i, kó máa bọ̀ nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, kó wá bá òun ta aṣọ.

Shakirat, tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, gba ìwé náà, ó kà á, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Orúkọ bàbá, ìlú bàbá, iṣẹ́ bàbá, ìjọ tí bàbá ń lọ. Kíkẹ́, ṣé bàbá yín ni wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́ ni?"

"Ọmọ tí wọ́n bí ire, ṣé kì í sọ ilé tó ti wá ni?"

"O ti sọ ọ́. Tìẹ wá dà? Ìlà kan péré! 'Mo kọ́ṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì ní Múṣín.' Ilé búrẹ́dì wo? Ṣé èyí tí búrẹ́dì wọn ń bu, tó ń yọ funfun-funfun, tí àwọn oníbàárà ń dá a padà? Ta ló rí i pé gbígbóná ni wọ́n ń dì í sínú ọ̀rá? Ta ló ní kí wọ́n jẹ́ kó tutù ná? Ta ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, 'Àǹtí Òyìnbó', títí búrẹ́dì fi dẹ́kun bíbu?"

Kíkẹ́ tẹrí ba. "Ìyá mi ní Bíbélì ló wí i: jẹ́ kí ẹlòmíràn yìn ọ́, kì í ṣe ẹnu ara rẹ."

"Adìyẹ gan-an, tó bá yé ẹyin, ó ń ké." Shakirat rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fa bírò yọ. "Ẹlòmíràn ni Bíbélì yín wí, àbí? Èmi ni ẹlòmíràn náà. Sún síbẹ̀ un."

Shakirat Àjíkẹ́! Ẹlẹ́nu bí abẹ, ọlọ́kàn bí òwú, ọmọ tí í dákẹ́ fún àlùwàlá tí í pariwo fún ọ̀rẹ́. Ó yọ bàbá kúrò, ó gbé Kíkẹ́ sókè. Ó kọ ohun tó bàjẹ́, ohun tí Kíkẹ́ ṣe sí i, àti bó ṣe yọrí sí. Kò fi irọ́ kan kún un. Bí Kíkẹ́ bá ní, "Ìyẹn ti pọ̀ jù," á ní, "Ṣé irọ́ ni?" Kíkẹ́ á ní rárá. "Panu mọ́ nígbà náà."

Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì náà pe Kíkẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Gbádé, ọ̀gá tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, fi ìka tẹ ìwé náà.

"Ta ló kọ èyí?"

Olúwa, má jẹ́ kí n purọ́. "Ọ̀rẹ́ mi ni, sà. Shakirat."

"Ọ̀rẹ́ rẹ! Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì yìí ńkọ́? Àbí òun náà ló hùmọ̀ ìyẹn?"

Orí Kíkẹ́ ti fẹ́ wálẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Ó wá rò ó pé bí òun bá tẹ orí yìí ba, Shakirat ni òun sọ di òpùrọ́. Ó gbójú sókè.

"Èmi ni mo ṣe é, sà."

Ó sì ṣàlàyé rẹ̀: bó ṣe tú ọ̀rá tó bá omi nínú rẹ̀, bó ṣe mọ̀ pé ooru búrẹ́dì ló di omi, tí omi sì di bíbu, bó ṣe bẹ ẹni tó ni ilé búrẹ́dì kó gbìyànjú rẹ̀ wò. Ọ̀gbẹ́ni Gbádé bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Sọ ti ooru yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."

Nígbà tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ dé, Kíkẹ́ kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bó ti dìde, ó gbé bébà funfun síwájú Shakirat.

"Tìẹ dà? Ṣé ìwọ kò ní wáṣẹ́ ni?"

Shakirat, ẹlẹ́nu bí abẹ, wá ń kólòlò. "Kí... kí ni èmi ṣe tí mo fẹ́ kọ?"

Kíkẹ́ já bírò gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sún síbẹ̀ un."