Ife Tí A Kò Fọ̀

"Iléru yín ló bà á jẹ́! Ẹ má ṣojú bí ẹni tí ò gbọ́!" Ọ̀jọ̀gbọ́n da irin pẹlẹbẹ mẹ́fà sórí tábìlì, wọ́n sì dún gbàlà.

Obìnrin tó ń bójú tó iléru yàrá àyẹ̀wò náà, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Iléru, wò wọ́n, kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ìyẹ̀fun máńgánísì dúdú, tó kúnná ju àtíkè lọ, ni wọ́n kùn mọ́ irin náà lára kó lè máa gba iná mànàmáná sára, kó sì máa tú u sílẹ̀ wàrà-wàrà ju bátìrì lọ. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ sun, lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn, gba iná ní ìlọ́po mẹ́ta ohun tí wọ́n retí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ròyìn rẹ̀ káyé. Láti ìgbà náà, wọ́n ti sun òmíràn lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá; pàbó ló já sí.

"Sà, ooru iléru ò yí padà. Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́."

"Ta ló bi yín ní ti àkọsílẹ̀?" Ó ti ìwé funfun kan sí i. "Ẹ kọ ọ́ pé iléru ń ṣe ségesège, kí ẹ buwọ́ lù ú. Àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá wo àwárí mi lọ́la ò gbọdọ̀ pè mí ní òpùrọ́."

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó po ìyẹ̀fun náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Ìyá Iléru kọjú sí i.

"Ìwọ ọmọ yìí, sọ̀rọ̀. Ife tánganran wo lo fi sun ti àkọ́kọ́?"

"Èyí tí mo fi sun ìyẹ̀fun kóbáàtì lọ́jọ́ tó ṣáájú ni, Màmá. Mi ò fọ̀ ọ́." Ó gbójú sókè. "Mo sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n má kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ẹ gbọ́ bí, sà? Kóbáàtì bíńtín tó kù nínú ife yẹn ló fún un lágbára. Ẹ jẹ́ ká dìídì pò ó mọ́ ọn, ká wò ó."

"Kí n wá sọ fáyé pé ìdọ̀tí ló bá mi ṣe àwárí?" Ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n pọ́n bí ẹyin iná. "Ìwọ obìnrin yìí, kọ ohun tí mo ní kí o kọ, àbí kí o kó ẹrù ẹ!"

Ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, kò pè é ní "ìwọ" rí. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ pé: "Iléru ò ṣe nǹkan kan. Ife ni a kò fọ̀." Ó buwọ́ lù ú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kà á, ó fà á ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó sì dà á sí i lẹ́sẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà rọra kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó mú ìwé funfun mìíràn, ó sì tẹ́ ẹ síwájú Ìyá Iléru.

Ìyá náà tún mú bírò, ó tún ọ̀rọ̀ kan náà kọ.

"Òní jẹ́ ọjọ́ kelòó oṣù, ọmọ mi?"