Ọjọ́bọ̀ ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn

Wàlíyátù kò mutí rí kí ọkọ rẹ̀ tó kú. Ọdún mẹ́tàlélógún ni àwọn méjèèjì fi ta aṣọ àtàm̀pà ní Àbíjáàn. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó palẹ̀ ẹrù mọ́, ó padà sí Ẹ̀jìgbò, sínú ilé oníyàrá mẹ́jọ tí wọ́n jọ kọ́ tí wọn ò jọ gbé rí. Àwọn ọmọ dúró sí Kódífúà. Ó ku òun nìkan, òun àti ṣọ́ọ̀bù aṣọ tó wà níwájú ilé.

Oorun ni kò rí sùn. Ẹnìkan fún un ní àgbo tí wọ́n rẹ sínú ọtí, pé kó máa mu ṣíbí méjì. Ó mu ún, ó sùn. Nígbà tó yá, àgbo tán, ọtí ló kù. Kí ọdún kejì tó pé, Ìwó ló ti ń lọ ra ògógóró, kí ará Ẹ̀jìgbò má baà rí i. Àwọn oníbàárà ń pè é ní Tánti, bí ará Àbíjáàn ti ń pe àǹtí, wọ́n ń ná aṣọ, wọ́n ń lọ. Bí wọ́n bá ti lọ, kò sí ẹni tó tún máa pè é títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Èyí tó dùn ún jù ni ìrun. Á ṣe àlùwàlá, á tẹ́ ẹní, á dúró lórí ẹ̀, á tún ká a. Ó mọ ohun tó wà lẹ́nu òun.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Àpèkẹ́ ló gbọ́ òórùn náà, lọ́jọ́ tó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Àpèkẹ́ pa ilẹ̀kùn dé, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Tánti, ẹ má bínú. Àwọn kan máa ń pàdé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, nínú kíláàsì kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọtí ni. Ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀, ibẹ̀ ló ń pin sí. Ṣùgbọ́n ẹ má dá a dúró lójijì láì wá rí mi. Ó léwu."

"Ta ló sọ fún yín pé mo ń mutí?"

Ó bínú jáde.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn obìnrin àdúgbò ya wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀. "Tánti, ẹ kú oríire o!"

"Oríire kí ni?"

Wọ́n wo ara wọn. Rùkàyyàt ọmọ rẹ̀ ti bímọ. Ó ti pè é lálẹ́ àná. Wàlíyátù fúnra rẹ̀ ló jáde síta tó ń kígbe ayọ̀ fún wọn. Wàlíyátù kò rántí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.

Ó padà lọ bá Àpèkẹ́, ó gba oògùn tí yóò máa fi dín ọtí kù díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó wọ híjáàbù ńlá, ó fi ìbòmú bo ẹnu, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ọkùnrin márùn-ún ló bá lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé. Ọ̀gbẹ́ni Olúwarótìmí, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń darí wọn.

"Ẹ wọlé, ẹ jókòó, mà."

Ìgbà náà ló rí Ìsmáílà, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń gbé ní Másífà, tí òun máa ń pè ní Akọ̀wé. Òun ni ẹbí máa ń pè láti parí ìjà. Òun ló ṣáájú àdúrà fídáù ọkọ rẹ̀.

Wàlíyátù yí padà, ó jáde. Ìsmáílà bá a lábẹ́ igi máńgòrò.

"Ìyàwó wa."

"Akọ̀wé, ẹnìkan ni mo wá bẹ̀ wò."

"Nílé, oko ni wọ́n mọ̀ pé mo wà." Kò wo ojú rẹ̀. "Oṣù karùn-ún tí mo ti ń wá rèé. Ẹ padà wọlé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ jókòó sẹ́yìn, mi ò ní wẹ̀yìn."

Ó padà wọlé. Kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gun ọ̀kadà lọ sílé, bí ẹni tí kò mọra. Tí wọ́n bá pàdé láàárín ẹbí, Ìsmáílà á ní, "Ṣé ara le?" Obìnrin náà á dáhùn pé, "Ó le." Kò sí ẹlòmíràn tó mọ ohun tí wọ́n ń bi ara wọn. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn tó láti gbé e dé Ọjọ́bọ̀ mìíràn.

Ní Ọjọ́bọ̀ karùn-ún, Ìsmáílà kò wá. Wàlíyátù lọ sí Másífà. Ìyàwó Ìsmáílà ní ibà ló ń ṣe é, pé ó ti tilẹ̀kùn mọ́rí. Wàlíyátù dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Ó gbọ́ òórùn náà.

"Akọ̀wé, èmi ni."

Ohùn Ìsmáílà jáde láti inú yàrá. "Ẹ máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn."

"Mi ò ní sọ. Ọjọ́bọ̀ ń bọ̀."

Wàlíyátù wá ọ̀kadà padà sílé.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Wàlíyátù dìde nínú kíláàsì, ó ṣí ìbòmú rẹ̀. "Wàlíyátù ni mò ń jẹ́. Ọtí ni mò ń mu. Ọjọ́ mọ́kànlá rèé tí n kò fẹnu kàn án." Olúwarótìmí ní, "Ẹ kú ìrọ́jú," àwọn yòókù náà sì sọ bẹ́ẹ̀.

Títí di òní, Ìsmáílà kò tíì padà wá. Ní gbogbo àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Wàlíyátù máa ń pe fóònù rẹ̀. Á dún títí, kì í gbé e. Obìnrin náà á wọ bàtà, á ti ṣọ́ọ̀bù, á jáde lọ dá ọ̀kadà Ifẹ̀-Ọ̀dàn dúró.