Àpòòwé Kékeré

"Mọ́kànlá ni, Verdell," ni Delphine Rucker, olórí wọ́ọ̀dù, wí lórí fóònù. "Mọ́kànlá, láti inú ilé kan ṣoṣo. Ilé tìẹ."

Ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ṣe ibùdó ìdìbò ni Verdell Gaskins dúró sí. Láti aago méje àárọ̀ ló ti ń pín ìwé tí orúkọ àwọn olùdíje ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀. Òní ni wọ́n ń yan ẹni tí ẹgbẹ́ máa fà kalẹ̀ fún ipò méyọ̀, olórí ìlú, Filadẹ́fíà sì rèé, ẹni tí ẹgbẹ́ bá ti fà kalẹ̀ ti di méyọ̀ tán.

"Mọ́kànlá kí ni?"

"Ìwé ìdìbò tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé. Wọ́n ti dà wọ́n nù. Kò sí èyí tó wà nínú àpòòwé kékeré tó ń bo ìbò mọ́lẹ̀, òfin sì ní kí wọ́n má ka irú ẹ̀. Inú ńlá nìkan ni wọ́n kó wọn sí. Ta ló ran àwọn arúgbó yẹn lọ́wọ́?"

Verdell wo ìwé tó ń pín lọ́wọ́. Ó mọ ẹni náà dáadáa.

Ilé alájà mẹ́sàn-án tí wọ́n kọ́ fún àwọn àgbà ló ń gbé, ọdún kejìlélógún rẹ̀ sì nìyí gẹ́gẹ́ bí aṣojú ẹgbẹ́ níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ìsàlẹ̀ ilé yẹn gan-an ni wọ́n ti ń dìbò. Ẹlòmíì á wọ sílípáàsì wá. Nígbà tí wọ́n gbé ibùdó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́dún yìí, Verdell ní kí àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn dìbò láti ilé. Ó se kọfí, ó gé kéèkì oníbọ́tà, ó kó wọn jọ sí yàrá ìgbafẹ́. Ẹgbẹ́ ti pe àwọn aṣojú fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí irú ìdìbò yìí lọ́jọ́ Sátidé kan, ṣùgbọ́n kò lọ. Kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ ẹni tó ti ń ṣe é láti ọdún méjìlélógún?

Àpòòwé méjì ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ńlá ní ibi tí èèyàn ń buwọ́ lù; kékeré ò ní. Verdell ní àfikún lásán ni kékeré, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó wọn dà sínú garawa ìdọ̀tí. Ọ̀gbẹ́ni Otha Pettway, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, nìkan ló gbé ìwé ìlànà súnmọ́ ojú.

"Verdell, wọ́n kọ ọ́ síbí pé ká kọ́kọ́ fi sínú kékeré."

"Bàbá, ta ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, èmi àbí ẹ̀yin?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì fi àpòòwé rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

"Àwọn ará ọ́fíìsì ní àwọn ti kọ̀wé sí wọn láti Ọjọ́bọ̀," ni Delphine ń wí. "Ímeèlì kan náà ni gbogbo wọn lò."

Ímeèlì Verdell ni, òun ló fi í sínú fọ́ọ̀mù gbogbo wọn. Ó ti rí àwọn ìwé náà tí wọ́n tò gbọọrọ lórí fóònù rẹ̀, ó sì rò pé àwọn olùdíje tó ń tọrọ owó ni. Ojú tì í débi pé ó wo ẹ̀yìn, bóyá ẹnì kan ń gbọ́.

"Ṣé ó ti bọ́ nìyẹn?"

"Tí wọ́n bá dé ibùdó kí aago mẹ́jọ tó lù, wọ́n á fún wọn ní ìwé mìíràn, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí ti àkọ́kọ́ rẹ̀ bàjẹ́. Aago mẹ́rin ti kọjá, Verdell. Lọ kó wọn."

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Pettway ló kọ́kọ́ lọ, nítorí pé ibẹ̀ ló le jù. Bàbá ti de táì. Gbogbo ọjọ́ ìdìbò ló máa ń de táì, ìbáà tiẹ̀ jẹ́ pé kò níbi tó ń lọ.

"Bàbá, àwọn ará ọ́fíìsì ní ìwé yín ní àbùkù. Ẹ jẹ́ ká lọ dìbò lọ́tun."

"Àbùkù wo?"

Kò mọ ìgbà tí irọ́ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni."

Bàbá rọra jókòó.

"Ní Alabama, ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá mi wọ aṣọ kóòtù lọ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n ní ìkọ̀wé rẹ̀ ò dáa. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní akọ̀wé ti lọ jẹun. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọn ò tiẹ̀ dá a lóhùn. Ó kú láì dìbò rí." Ó na ọwọ́ sí fóònù. "Mo rò pé mo ti fi irú wọn, àwọn tí kì í fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú dìbò, sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Bá mi wá nọ́ńbà ilé iṣẹ́ rédíò. Mo máa sọ̀rọ̀."

Verdell lè dákẹ́. Bàbá á ṣì tẹ̀ lé e, á dìbò, orúkọ Verdell ò sì ní bàjẹ́. Ó wo ìka bàbá lórí fóònù.

"Ẹ gbé fóònù sílẹ̀, sà. Kì í ṣe wọ́n. Èmi ni. Àpòòwé kékeré yẹn, ẹ̀yin lẹ jàre."

Bàbá gbé fóònù sílẹ̀. "Mo kà á sí ọ létí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O sì jẹ́ kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín."

Verdell ò ríbi fojú sí. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, wọ́n wí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ikú ò sí nítòsí. Aago mẹ́jọ ló wà nítòsí.

"Ti àpòòwé, àṣìṣe ni," ni bàbá wí. "Mo lè gbàgbé ẹ̀. Èyí tó o ṣe báyìí, tó o dúró níwájú mi tó o jẹ́ kí n hú bàbá mi jáde torí irọ́ rẹ, ìyẹn á pẹ́ lára mi." Ó na ọwọ́ sí ọ̀pá rẹ̀. "Mélòó la tún jẹ́?"

"Mẹ́wàá ló kù. Roosevelt Tate wà nílé ìwòsàn, ti ẹ̀ ti lọ. Mẹ́sàn-án ló lè lọ."

"Kí lo máa sọ fún wọn?"

"Ohun tí mo sọ fún yín."

"Èwo nínú méjèèjì?"

"Èkejì, sà."

"Gbé fìlà mi fún mi."

Mẹ́ta mẹ́ta ló ń fi mọ́tò rẹ̀ kó wọn. Ó ti sọ ọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan mi orí, Earline Bowser sì pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn lójú kó tó tún ṣí i pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di aago méje, gbogbo wọn ti tò sórí ìlà nínú ilé ẹ̀kọ́, Ọ̀gbẹ́ni Pettway níwájú. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì yẹ orúkọ rẹ̀ wò.

"Bàbá, ẹ ti dìbò láti ilé. Kí ló ṣe é?"

Bàbá kàn yí ojú sí Verdell. Àwọn tó ń gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún méjìlélógún wà lórí ìlà kejì, wọ́n ń gbọ́.

"Èmi ni mo bà á jẹ́," ni Verdell wí. "Mo sọ fún wọn pé mo mọ̀ ọ́n, mi ò sì mọ̀ ọ́n."

Ọmọbìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó na ìwé tuntun sí bàbá, ó sì pe ẹni tó kàn. Earline Bowser sún síwájú. Verdell náà sún síwájú pẹ̀lú rẹ̀, ó sì tún sọ ọ́.