Ohùn Tó Kú Nínú Gìtá Tíṣà

Aṣọ ìborùn ni Màmá Helen fi wé gìtá ọkọ rẹ̀ nígbà tó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù Akínrẹ̀mí káfíńtà ní Àyèká, bí ẹni ń gbé ọmọ ìkókó lọ gba abẹ́rẹ́.

"Ọyẹ́ ló la ikùn rẹ̀," ni ó wí. "Bá mi dí i, ọmọ mi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Akínrẹ̀mí mọ gìtá náà. Tíṣà Olúwafẹ́mi, ọkọ Màmá, ló kọ́ ọ níwèé ní kékeré, gìtá yìí ló sì fi ń kọ́ wọn lórin. Sàpẹ́lẹ̀ ni Tíṣà ti rà á lọ́wọ́ atukọ̀ ará Gánà kan nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Pákó ikùn rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó ti pọ́n bí oyin, ìka Tíṣà sì ti jẹ ọrùn rẹ̀ wọnú. Bí èèyàn bá wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gìtá náà á dáhùn.

Ọdún méjì rèé tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn Tíṣà àti apá ọ̀tún rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, Màmá a gbé gìtá lé e lẹ́sẹ̀, Tíṣà a sì máa fi ọwọ́ òsì ta okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti ń mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí.

Akínrẹ̀mí rò ó pé, ṣé ẹni tó la ojú òun ni òun ó kàn bá dí ihò? Ó fi sáńpépà ha ara gìtá náà títí ó fi funfun. Ó lẹ pákó ìrókò méjì mọ́ ikùn rẹ̀ nínú kó má baà là mọ́ láé. Ó fi fáníìṣì kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń dán gbinrin, àwọn tó ń kọjá ń dúró wò ó.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sílé. Tíṣà fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín. Ó ta okùn tó nípọn jù. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn bá fi ìka kan àpò gàrí. Ó ta èkejì. Ó wá gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé pákó náà bí ẹni ń tẹ́tí sí èémí ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá. Lẹ́yìn náà, ó yí ojú sí ògiri.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni," ni Màmá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ni Akínrẹ̀mí dáhùn, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni.

Ó lọ bá Kingsley, tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó sì ròyìn gbogbo ohun tó ṣe fún un. Kingsley mi orí.

"Gbogbo ọdún tí igi yẹn fi ń gbẹ, tó ń fúyẹ́, ohùn ló ń ní sí i. Ẹ wá dè é mọ́lẹ̀, ẹ tún bò ó lẹ́nu."

"Bí mo bá tú u ńkọ́?"

"Ẹ lè tú pákó yẹn, bọ̀dá. Èyí tí ẹ ti ha dànù, ta ni yóò dá a padà?"

Akínrẹ̀mí pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá kó tó gbọ́ pé Màmá ti ránṣẹ́ pe Lérè ọmọ wọn ní Ìbàdàn pé kó máa bọ̀, bàbá rẹ̀ kò fọwọ́ kan gìtá mọ́, kò sì jẹun, ó ti ń lọ. Ó sáré lọ, ó bá Màmá níbi tó ti ń ro púpurú. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Màmá, àìsàn kọ́. Èmi ni mo ba gìtá náà jẹ́. Ọjọ́ tí mo gbé e dé ni mo ti mọ̀."

Ọmọrogùn dúró nínú ìkòkò.

"Mo ń pariwo mọ́ ọkọ mi," ni Màmá wí jẹ́ẹ́. "Lójoojúmọ́. Mo ní ó ti sọ̀rètí nù, mo ní ó fẹ́ fi mí sílẹ̀. Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sì ní ẹnu tí yóò fi sọ ọ́."

"Màmá, ẹ dákun…"

"Dìde."

Kò ṣépè, kò sì ní òun ti dárí jì í. Ó gbé ìkòkò kúrò lórí iná, ó wọ yàrá lọ. Akínrẹ̀mí dúró ní fáráńdà nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Ó ń gbọ́ bí Màmá ṣe ń bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó dárí ji òun, ọ̀rọ̀ kan náà, léraléra.