Kóòtù Olóògbé

Òṣèré tí mo fẹ́ràn jù láyé ti kú nígbà mẹ́tàlélógójì. Wọ́n ti yìnbọn fún un, wọ́n ti tì í ṣubú láti orí òrùlé, wọ́n ti bu májèlé sínú kọfí rẹ̀, ejò ti bù ú jẹ. Fíìmù kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé òkú rẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan títí eré fi parí. Mo wo ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ṣe òkú náà dáadáa.

Nílé wa, a kì í pe orúkọ rẹ̀. Olóògbé là ń pè é. Bàbá àwọn ọmọ mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ni orúkọ bá mọ́ ọkùnrin náà lára. Tí fíìmù tuntun bá ti bẹ̀rẹ̀, á ké láti pálọ̀ pé, "Ìyá àwọn ọmọ, sáré o, Olóògbé ti dé! Tètè, kó tó kú!" Èmi náà á ju ohun tí mo ń ṣe sílẹ̀, torí òótọ́ ni, tí èèyàn bá lọ bu omi mu báyìí, ó lè má bá a láàyè mọ́.

Télọ̀ ni mí, ìyẹn ló mú kí ìfẹ́ tèmi yàtọ̀. Àwọn mìíràn máa ń lẹ fọ́tò òṣèré wọn mọ́ ògiri. Èmi, mo máa ń wọn tèmi ni. Iwájú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí, tiwọn ni. Ẹ̀yìn rẹ̀, ti Olóògbé ni. Fíìmù kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀: èjìká, àyà, apá, gígùn, lẹ́yìn náà ohun tó pa á. Ilẹ̀kùn ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Kò sẹ́ni tí kò mọ bí ilẹ̀kùn ṣe ń ga tó. Wọ́n sì máa ń sọ Olóògbé di ẹ̀ṣọ́ ọ̀gá ọ̀daràn ní gbogbo ìgbà, nítorí náà ẹnu ilẹ̀kùn ló máa ń dúró sí. Tó bá ti dúró síbẹ̀, màá fi rìmóòtù dá eré dúró, màá na tépù sójú tẹlifíṣọ̀n, màá wọn ilẹ̀kùn, màá wọn òun náà, màá sì ṣírò rẹ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nínú fíìmù rẹ̀ kẹtàlélógún, mo rí i pé àyà rẹ̀ ti fi íǹṣì méjì dín. Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù pé ara ọkùnrin yìí ò yá. Wọ́n ní orí mi ti dàrú. Kò pé oṣù kan tí ìwé ìròyìn fi gbé e pé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Mo gé ìròyìn náà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ máṣìnnì mi, ibẹ̀ ló sì wà títí ọdún fi parí.

Ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ gan-an ni Tépù. Èmi àti Tépù la jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá, ó sì ti tó ogún ọdún tí a ti jọ ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Orúkọ tí a sọ ọ́ yẹ ẹ́, torí tépù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀; mo rò pé ó ń gbé e sùn ni. Kò ṣi nǹkan wọ̀n rí, kò sì gba ìwọ̀n ẹlòmíràn gbọ́ rí. Lẹ́ẹ̀mẹta ló wọn ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ kó tó gé ṣòkòtò kan fún un. Ọkùnrin yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ọ̀gá wa ti wá dàgbà. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ó sì ní òun fẹ́ fa àlùmọ́gàjí ńlá lé ẹnì kan lọ́wọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ẹnì kan ṣoṣo ló ń gé aṣọ. Àwọn yòókù, ohun tó bá gé ni wọ́n ń rán. Ẹni tó ń gé ló ni tábìlì ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń wọlé sí. Tó bá sọ̀rọ̀, èsì tí wọ́n ń fọ̀ ni "Ẹ ṣé, mà." Ogún ọdún ni mo fi jókòó sídìí ògiri, tí mo ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn, tí mo ń wo fèrèsé yẹn. Mo fẹ́ ẹ débi pé inú á máa bí mi sí oòrùn. Tépù náà fẹ́ ẹ, àmọ́ òun máa ń díbọ́n pé òun ò fẹ́ ẹ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí àwọn onífíìmù fi wá wo àdúgbò wa. Wọ́n fẹ́ ya eré fún ọjọ́ mẹ́ta ní ilẹ̀ òfìfo tó wà ní òdìkejì títì wa, wọ́n sì bẹ Ọ̀gá pé kó jẹ́ kí àwọn máa lọ aṣọ àwọn òṣèré ní ṣọ́ọ̀bù. Mo béèrè pé ta ni wọ́n fẹ́ yà. Obìnrin tó ń tọ́jú aṣọ wọn ka orúkọ díẹ̀, orúkọ Olóògbé sì wà níbẹ̀. Ńṣe ni mo jókòó lé áyọ́ọ̀nù. A dúpẹ́ pé kò gbóná.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Tépù fi ẹ̀rín sẹ́nu. "Ẹ̀n-ẹ́n, ẹni ẹ ń bọ̀ nìyẹn. Ó máa wá hàn báyìí pé irọ́ ló kún inú ìwé ẹ."

"Irọ́ báwo? Mo mọ ara ọkùnrin yẹn ju bóun fúnra ẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n lọ!"

"Láìfọwọ́ kàn án?"

"Láìfọwọ́ kàn án!"

Ọ̀gá gbé orí sókè. "Ó dáa," ó ní. "Ìwọ, rán kóòtù fún un. O ò gbọdọ̀ wọ̀n ọ́n, inú ìwé ẹ ni kó o ti mú ìwọ̀n rẹ̀. Tó bá bá a mu, ìwọ lo ni tábìlì. Tí ò bá bá a mu, Tépù ló ni ín. Ariwo ẹ̀yin méjèèjì ti sú mi."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi rán an. Aláwọ̀ aró dúdú ni, aṣọ inú rẹ̀ ń dán, kò sì sí ibi tí ojú lè ti rí òwú. Ọjọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ eré, mo gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, bí ẹni pé mo ti kó dé ibẹ̀. Mo kó ṣẹ́ẹ̀tì tí a ti lọ̀ dání, mo sọdá títì lọ fún àwọn onífíìmù.

Pákó ni wọ́n fi kan iwájú ilé kan síbẹ̀, ó ní ilẹ̀kùn. Bí mo ṣe ń gba ẹnu ilẹ̀kùn náà kọjá, ó ṣí gèlè lórí mi. Mo dúró. Èmi kì í ṣe èèyàn gíga o. Gbogbo aṣọ tí mo bá rà ni mo máa ń gé létí. Mo gbé ọwọ́ sókè, ìgbọ̀nwọ́ mi ò tíì nà tí mo fi kan òkè ilẹ̀kùn.

Káfíńtà kan ń kan ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ilẹ̀kùn yìí kúrú báyìí?"

"Torí ẹni tó máa dúró síbẹ̀ ni. Ó gbọ́dọ̀ rí gògòrò lójú àwọn tó ń wò ó. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣeré la ti ń kan irú ẹ̀ fún un. Ilẹ̀kùn kékeré, àga kékeré, tábìlì kékeré." Ó wo ẹ̀yìn. "Ẹ ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi o."

Gbogbo ìlà inú ìwé mi, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ilẹ̀kùn kúkúrú ni mo fi ṣírò wọn. Mo da ṣẹ́ẹ̀tì lé káfíńtà lọ́wọ́, mo sáré padà, mo ní bóyá màá rí kóòtù yẹn gbé pamọ́. Ó ti pẹ́ jù. Tépù ti di ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mú fún ẹnì kan, ó ń tẹrí ba pé, "Ẹ wọlé, sà. A ti ń retí yín."

Olóògbé ni. Gíga rẹ̀ kò ju etí mi lọ. Etí mi gan-an ló dé.

Ẹ̀rù bà mí, ojú tì mí, inú mi sì dùn, ó tún ń bí mi, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ni ẹnu mi bá yọ̀. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Olóògbé, sà."

Ọ̀gá di orí mú. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Mi ò tíì kú lónìí, ó di aago mọ́kànlá."

Ọ̀gá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kóòtù fún un, ọkùnrin náà sì wọ̀ ọ́. Apá kóòtù gbé ọwọ́ rẹ̀ mì. Etí kóòtù náà kan ojúgun. Èjìká kóòtù ti ń lọ sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Tépù yọ tépù lọ́rùn, ó wọn èyí tó fi gùn ju ọwọ́ rẹ̀ lọ ní apá kan, ó wọ̀n ọ́n ní apá kejì, ó tún padà wọn ti àkọ́kọ́ torí pé ó ń gbádùn rẹ̀. "Íǹṣì márùn-ún àti ààbọ̀," ó ní.

"Kóòtù kọ́ nìyí," Ọ̀gá ní. "Ilé ni. Èèyàn lè gba àyálégbé síbẹ̀. Tépù, ìwọ lo ni tábìlì."

Omi lé sójú mi. Nígbà tí mi ò lè kọjú ìjà sí Ọ̀gá, ọkùnrin náà ni mo kọjú sí.

"Ẹ̀yin lẹ fà á!" Mo na ìwé mi sí i. "Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń wọ̀n yín! Mo mọ ìgbà tẹ́ ẹ sanra, mo mọ ìgbà tẹ́ ẹ rù. Mo sunkún nígbà tí ejò bù yín jẹ! Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa pé ilẹ̀kùn yẹn kúrú?"

Ó fi ọwọ́ tí a kò rí gba ìwé náà. Ó ń ṣí i, ó ń kà á sókè. "Òrùlé. Májèlé, kọfí. Ìbọn. Ìbọn. Ìbọn..." Nígbà tó dé ìlà kẹtàlélógún, ó jókòó sórí àpótí.

"Àyà dín íǹṣì méjì," ó ní. "Màmá, nígbà yẹn, ìyàwó mi gan-an ò tíì mọ̀ pé ara mi ò yá."

Tépù wo ilẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ké pè é láti ìta nìyẹn. Ó dìde, kò bọ́ kóòtù. Mo ní, "Sà, kóòtù!" Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n wọ̀ ọ́ kú lẹ́ẹ̀kan. Ó máa ń tutù nílẹ̀."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tẹ̀ lé e jáde. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn kúkúrú rẹ̀. Apani wọlé, ó na ìbọn sí i, ó ní, "Gbé ọwọ́ sókè!" Olóògbé gbé ọwọ́ sókè. Ọwọ́ ò yọ. Apá kóòtù méjèèjì kàn ń jù fìrì lókè, ni apani bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n tún un ṣe. Apani tún rẹ́rìn-ín. Nígbà kẹta, òun gan-an ló ṣubú lulẹ̀, ìbọn lọ́tọ̀, òun lọ́tọ̀. Adarí eré rìn yí kóòtù náà po. Ó ronú. Ó ní, "Má yìnbọn mọ́. Jẹ́ kó máa lọ."

Olóògbé jáde láàyè. Ó ń wọ́ etí kóòtù mi nílẹ̀ lọ, kò sì dá a padà dòní. Mo ṣí ìwé mi, mo fa ìlà kẹrìnlélógójì. Níbi tí mo máa ń kọ ohun tó pa á sí, mo kọ ọ́ pé: kò kú.

Ọjọ́ kejì, Tépù kó dé ìdí fèrèsé. Mi ò ní purọ́, mo sunkún sínú aṣọ oníbàárà kan.

Fíìmù náà jáde lẹ́yìn oṣù méje, ó sì gba ìgboro kan. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá, ó ní òun fẹ́ kóòtù tí kò bá ọkùnrin yẹn mu. Tépù wọ̀n ọ́n, ó fi íǹṣì márùn-ún àti ààbọ̀ kún ibi gbogbo, ó gé e. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wọ̀ ọ́, ó ní, "Rárá, mà. Èyí kàn tóbi ni." Àwọn mìíràn wá. Èsì kan náà ni wọ́n ń fọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sì ń sọ: kóòtù tèmi ò tóbi. Ó bá ẹnì kan mu régé, ẹni náà ni kò sí láyé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjìji kan dúró lé mi lórí nídìí ògiri. Tépù ni, ó di ṣọ́ọ̀kì mú. Láti ogún ọdún, "ìwọ" ló ń pè mí.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó ní. "Báwo lẹ ṣe ń wọn ilẹ̀kùn yẹn?"

Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé mi. Mo fẹjú, mo ṣẹ́jú, mo gbé e súnmọ́ imú, mo gbé e jìnnà.

"Ibí yìí ṣókùnkùn jù," mo ní. "Bá mi gbé àga mi lọ sídìí fèrèsé ná."

Ó gbé e. "Ẹ ṣé, mà," ó ní.