Ìyá Orí Afárá Kọ̀, Kò Kú

Orin ni mo lọ kọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé wọ́n máa pa mí.

Ọmọ ọmọ mi ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Olójú-Ẹ̀rọ ni mo ń pè é, torí ojú ẹ̀ kì í kúrò lára kọ̀ǹpútà. Bó bá ń jẹun, ojú ń bẹ lára ẹ̀rọ. Bó bá ń kí mi, ẹ̀rọ ló ń kí. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń tún géèmù kan ṣe, géèmù tí wọ́n fi ṣeré nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é ti pa á tì, kò sì ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ìwòyí mọ́. Làwọn ọmọ wọ̀nyí bá ní kò ní parẹ́ lójú àwọn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Kálukú ń mú ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe wá: ẹni tó mọ àwòrán yà ń yàwòrán, ẹni tó mọ̀ nípa ohùn ń to ohùn. Ohùn ni ti ọmọ ọmọ mi.

"Ìyá àgbà," ló wí lọ́jọ́ kan, "a ń wá ohùn ìyá arúgbó kan tó ń kọrin lórí afárá. Ṣé ẹ mọ ẹnì kan?"

"Ṣé mo mọ ẹnì kan? Ojú ẹ fọ́ ni?"

Kó tó dáhùn, mo ti ń wá bàtà mi. Èmi tó jẹ́ pé bí mo bá ń fọ abọ́, orin ni. Bí mo bá ń wá ohun tó sọnù, orin ni. Ìwé mi ò pọ̀. Ibi A, B, D ni mo ti jù ú sílẹ̀. Àmọ́ ẹnu mi ò lọ sílé ìwé kó tó mọ orin.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù atúnfóònùṣe kan ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Atúnfóònùṣe ọ̀hún ni olórí wọn, ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń fi irin tó fi ń tú fóònù họ orí. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òun ló ń yàwòrán nígbà tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ mọ ibi tí wọ́n ní kí n ti kọrin? Inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ! Wọ́n ní aṣọ tó kún inú ẹ̀ ni kì í jẹ́ kóhùn máa dún padà. Mo wọlé, òórùn káfúrà gbá mi nímú, wọ́n gbé gbohùngbohùn sí mi lẹ́nu, ni mo bá lé e:

Afárá yìí, ta ló ni ín?
Ẹsẹ̀ tó ń gùn ún ló ni ín.
Odò yìí, ta ló ni ín?
Ọ̀fun tó ń gbẹ ló ni ín.

Nọ́ọ̀sì ń mirí. Olójú-Ẹ̀rọ gbójú kúrò lára ẹ̀rọ, ó ń wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ mí. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ jó. Igi tí wọ́n fi aṣọ kọ́ ló gbá mi lórí.

Atúnfóònùṣe bá yọjú sí mi. "Ó dùn gan-an, Màmá. Ó wá ku ibi tí wọ́n ti máa fi idà gún yín. Ẹ kàn máa pariwo pé, 'Yéè! Mo kú o!'"

"Ta ló kú?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Ìyá orí afárá. Àjẹ́ ni."

Mo jáde. Ẹ̀wù ẹnì kan há mọ́ mi lọ́rùn, mi ò yọ ọ́.

"Ọkọ mi," mo ní, "kí ni ìyá yẹn ṣe?"

"Wọn ò sọ, mà. Ó kàn ń kọrin lórí afárá ni, ẹni tó ń ṣeré sì fẹ́ kọjá."

"Ó darúgbó, ó ń kọrin. Ó tán?"

"Ó tán, mà."

"Ìyẹn ló fi di àjẹ́? Ẹyẹ tó ń kọrin lórí igi ńkọ́, ṣé ẹ ti pa òun náà?"

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń yọ láàárín ìka ẹ̀.

"Màmá, eré ni o. Kì í ṣòótọ́."

"Ẹnu mi ńkọ́, ṣé eré lòun náà? Ohùn tí mo fi ń súre fọ́mọ ni n óò fi sọ pé mo kú? Kí ẹ wá gbà á sílẹ̀, kí gbogbo ayé máa tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀, mo kú, mo kú? Ẹ gba orin mi, mo yọ̀ǹda ẹ̀. Ikú, mi ò yọ̀ǹda."

Ó họ orí. Ó ní bó ṣe wà nínú ti àtijọ́ nìyẹn, pé àwọn tó ń retí géèmù náà ò fẹ́ kí wọ́n yí nǹkan kan padà. Ó ní bí mi ò bá lè ṣe é tán, àwọn á wá ìyá mìíràn tó máa ṣe gbogbo ẹ̀, àtorin àtikú.

Ìyẹn dùn mí. Ó wù mí kí orin yẹn dé ibi tí ẹsẹ̀ mi ò lè dé. Àmọ́ mo ní, "Ẹ wá a lọ o. Ìyá arúgbó ò wọ́n láyé."

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, Olójú-Ẹ̀rọ kọjú sí mi. "Ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo! Ẹ dójú tì mí lójú àwọn ọ̀rẹ́ mi."

"Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìwọ wí i."

"Kí n wí kí ni?"

"'Ìyá àgbà mi kú.' Wí i kí n gbọ́."

Ó wọ yàrá ẹ̀ lọ. Èmi kọrí sí ilé ìdáná, mo ṣí ẹ̀rọ omi, mo sì ń kọ ọ́ kó lè gbọ́ dáadáa:

Wọ́n ní n kú, mo ní n ò ráyè,
Wọ́n ní n sùn, mo ní n ò ráyè,
Abọ́ ń bẹ nílẹ̀ tí n óò fọ̀,
Orin ń bẹ lẹ́nu tí n óò kọ.

Wọ́n wá ìyá lóòótọ́. Nọ́ọ̀sì lọ bá àwọn ìyá tó jókòó de dókítà ojú nílé ìwòsàn wọn. Ọ̀kan bi í pé, "Ta ló rán ẹ sí mi?" Èkejì nawọ́ ọ̀pá sí i, kò sì tàsé, ẹni tí wọ́n ní kò ríran! Ẹ̀kẹta di orí ẹ̀ mú, ó ń gbàdúrà sí i lórí. Atúnfóònùṣe fúnra ẹ̀ wọ kọ́bọ́ọ̀dù, ó sún ohùn sókè; Olójú-Ẹ̀rọ ní ńṣe ló dún bí ewúrẹ́ tí okùn fún lọ́rùn. Nígbà tó sú atúnfóònùṣe, ó lọ bá ìyá tó bí i lọ́mọ. Ìyá yẹn ò bínú. Ó kàn béèrè pé, "Bí mo bá wí i, ta ló máa kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ gbọ́?"

Ọmọ ẹ̀ ni. Òun tó jẹ́ olórí wọn ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ gbogbo ohùn.

Lọ́jọ́ kejì ló wá sílé wa, ojú ẹ̀ ti rẹ̀.

"Màmá, ẹ má sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ kàn kérora díẹ̀."

"N ò ní kérora."

"Ẹ wúkọ́."

"Òtútù ò mú mi."

"Báwo wá lẹni tó ń ṣeré ṣe máa kọjá?"

"Kó gbe orin! Ṣé kò lẹ́nu ni?"

"Idà ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, mà."

"Kó máa fi gún mi. Bó ṣe ń gún mi ni kí ohùn mi máa ròkè. Bápá bá ro ó, á sọ idà sílẹ̀, á gbè mí, á sì kọjá."

Olójú-Ẹ̀rọ ti dìde lórí àga. "Mo lè ṣe é," ló wí. "Bí idà bá ti kàn án, kí orin lọ sókè. Bí ẹni tó ń ṣeré bá gbè é sínú ẹ̀rọ, kí ọ̀nà ṣí."

"Wọ́n á bú wa," ni atúnfóònùṣe wí.

"Kí wọ́n bú wa. Bí ẹ bá yọ ohùn ìyá àgbà mi, ẹ yọ gbogbo ohùn tí mo ti tò."

Atúnfóònùṣe wò ó, ó wò mí, ó rí i pé kò sí ibi tí òun máa gbà. Ó họ orí. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo kọ ọ́ nílẹ̀, mo kọ ọ́ lókè, mo kọ ọ́ títí nọ́ọ̀sì fi ní kí n rọra, kí n mu omi. Mo mu omi, mo tún kọ ọ́.

Nígbà tí géèmù náà jáde, wọ́n bú wa dáadáa. Olójú-Ẹ̀rọ ń ka èébú fún mi bí ẹni ń ka àdúrà. Ẹnì kan ní láti àárọ̀ lòun ti ń gún ìyá yìí, orin ló kún òun létí. Ẹlòmíì ní òun ti gbè é, òun ti kọjá, òun sì tún padà lọ gbè é. Ẹlòmíì ní kí wọ́n dá a padà sí bó ṣe wà, kó kú bó ṣe yẹ. Òmíràn wá kọ ọ́ gàdàgbà pé, "Ta tiẹ̀ ni ìyá arúgbó tí kò fẹ́ kú yìí?"

Ọmọ ọmọ mi gbọ́wọ́ lé ẹ̀rọ, ó wò mí. "Kí n dá a lóhùn?"

"Dá a lóhùn. Sọ fún un pé èmi ni. Sọ pé mo ṣì wà lórí afárá, kó mú ẹnu ẹ̀ máa bọ̀."