Ohùn Mọ́ládé Nínú Ẹ̀rọ

Gbọ́láhàn kì í ṣe òmùgọ̀ o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Òun ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ rédíò kékeré kan ní Ṣakí, níbi tí wọ́n ń kó gbogbo ètò tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ sí. Kí wọ́n má bàa ba nǹkan jẹ́, ó ti ẹ̀rọ náà mọ́ wọn: ojú dúdú lásán ni òṣìṣẹ́ ń rí, àṣẹ mẹ́ta péré ló sì fi hàn wọ́n pé wọ́n lè tẹ̀ síbẹ̀, láti wo ètò, láti gbọ́ ọ, láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Àṣẹ ìparẹ́ jẹ́ ti Gbọ́láhàn nìkan. Kò kọ ọ́ síbi tí wọ́n ti lè rí i, ó sì rò pé ó ti parí.

Mọ́ládé ìyàwó rẹ̀, tó ń ka ìròyìn níbẹ̀, ló kọ́kọ́ rí àléébù ẹ̀rọ náà. Ó ṣèèṣì tẹ àṣẹ náà lọ́jọ́ kan, ètò kan sì pòórá lójú ẹsẹ̀.

“Olówó orí mi, ẹ̀rọ yín yìí ò tiẹ̀ bi mí bóyá mo lẹ́tọ̀ọ́ sí i!”

Gbọ́láhàn bú sẹ́rìn-ín. “Èèyàn méje ni gbogbo wa níbí. Ta ni kí n máa bi pé ta ni ọ́? Ìwọ̀sí nìyẹn.”

Ó ní òun máa tún un ṣe. Kò tún un ṣe. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, Mọ́ládé bí Tìmílẹ́yìn, ibi ìkúnlẹ̀ náà ló sì kú sí.

Ọmọ yẹn kò gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ rí. Gbọ́láhàn kò lè fọwọ́ kan àwọn ìròyìn tí Mọ́ládé kà sínú ẹ̀rọ náà, ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Ó wá ṣèlérí pé lọ́jọ́ tí ọmọ bá pé ọdún méje, àwọn jọ máa lọ gbọ́ ọ.

Ó ku ọjọ́ méjì kí ọjọ́ náà pé ni Beauty, òṣìṣẹ́ tuntun, fẹ́ gba ètò àwọn àgbẹ̀ oníṣu ìlú Irawo sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní òun ti kún. Beauty ti rí Gbọ́láhàn ọ̀gá rẹ̀ tó ń tẹ àṣẹ ìparẹ́ rí. Òun náà tẹ̀ ẹ́, ó pa àwọn ìròyìn àtijọ́ rẹ́, ti Mọ́ládé sì wà nínú wọn. Ẹ̀rọ kò bi í ní ohunkóhun.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Tìmílẹ́yìn!” Beauty ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń sunkún. “Mo rò pé tí kò bá yẹ kí n ṣe é, ẹ̀rọ á kọ̀ fún mi ni.”

Háà! Kí lèèyàn fẹ́ sọ sí ìyẹn? Gbọ́láhàn wá ohùn náà títí. Kò sí ẹ̀dà kankan níbòmíràn. Ó gbé Beauty dìde, ó ní ẹ̀bi òun ni. Ẹ̀bi Gbọ́láhàn ni lóòótọ́, mi ò ní purọ́ fún yín.

Nígbà tó délé, ó sọ òótọ́ fún ọmọ rẹ̀. Tìmílẹ́yìn kò sunkún.

“Ṣebí ẹ̀yin gbọ́ ohùn màmá mi dáadáa, Dádì. Ẹ sín wọn jẹ fún mi.”

Gbọ́láhàn la ẹnu. Ó rántí ọ̀rọ̀ tí Mọ́ládé fi máa ń kí àwọn èèyàn láàárọ̀, kò gbàgbé ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ohùn yẹn ńkọ́? Ṣé ó tín-ín-rín ni, àbí ó ki? Ó wúkọ́, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ohùn tirẹ̀ nìkan ló ń gbọ́.

“Ṣé bí màmá mi ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn?” Inú ọmọ náà ń dùn.

Gbọ́láhàn ní bẹ́ẹ̀ ni.